Iye Tí Mo Kọ Kí Ọ̀sán Tó Pọ́n

Festac Town,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Bísí ọmọ mi, Àjọkẹ́ ọ̀wọ́n,

Ara ńkọ́? Ilé tí o gbà sí ní Ìbàdàn ńkọ́, ṣé wọ́n ti dí ibi tó ń jò? Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ṣúẹ́tà tí òun fi sísàlẹ̀ àpótí rẹ, ó ní ọyẹ́ Ìbàdàn kì í ṣe ti Èkó. Àwa wà níbí. Omi ẹ̀rọ ń dá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀fọn inú irà tí wọ́n dí kí wọ́n tó kọ́ ìlú yìí kò sì tíì gbọ́ pé ìjọba ti lé wọn. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Ìwọ lo máa ń sọ pé lẹ́tà mi dàbí tẹligíráàmù. Èyí máa gùn. Má kà á níbi iṣẹ́, má sì kà á lórí ìdúró.

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́rú. Mo kọ́kọ́ kà á tayọ̀tayọ̀. O ní wọ́n ti mú ọ síṣẹ́ pátápátá, pé ẹ ń fi ọ̀rá bo ẹ̀ka igi láàyè, ẹ ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí òórùn tó ń jáde lára ewé ṣe pọ̀ tó nígbà tí ilẹ̀ tutù àti nígbà tí oòrùn mú. O ní ìwọ ni wọ́n fún ní ìwé ooru, èyí tí ẹ ń kọ bí ooru ṣe mú tó sí. Mo rẹ́rìn-ín, mo pe ìyá rẹ, mo ní, “Wá gbọ́ o, ọmọ rẹ ti jogún iṣẹ́ mi.” Mo wá ka ìyókù sí i létí. O kọ ọ́ báyìí: “Bàbá mi, iṣẹ́ náà kò le. Àǹtí tó ń kọ́ mi ti fọgbọ́n kan hàn mí. Bí a bá ti kọ ooru àárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà la máa kọ tọ̀sán pọ̀ mọ́ ọn, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kí oòrùn má baà pa wá lórí. Gbogbo wọn ló ń ṣe é.”

Mi ò lè ka ibẹ̀ parí. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan. Oúnjẹ tó gbé kalẹ̀ tutù síwájú mi. Nígbà tó yá mo pè é wọ yàrá, mo sọ fún un ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan láti nǹkan bí ọdún méjì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, “Bàbá Bísí, bí ẹ ò bá kọ ọ́ sí ọmọ yẹn, èmi máa wọkọ̀ lọ sọ fún un.” Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kòkòrò tí ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa jẹ yìí, èmi ti jẹ ẹ́, mo mọ bó ṣe ń rí nínú.

Ilé-ẹ̀kọ́ lo wà nígbà náà, nítorí náà ohun tí o mọ̀ nípa iṣẹ́ mi kò ju pé aṣọ mi máa ń rùn bí ìpara òtútù. Ibi iṣẹ́ wa wà ní ìhà Àmúwò, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Satellite Town. Wọ́n ti gbin igi yukalípítọ́ọ̀sì sí etí irà níbẹ̀ tipẹ́, torí igi náà máa ń mu omi gan-an, kí ilẹ̀ lè gbẹ. Nígbà tó dàgbà tán, àwọn ọ̀gá ní kí a máa fún òróró ewé rẹ̀ fún oògùn ikọ́. Bí ọkọ̀ bá já ewé náà dé, inú ilé kan tí wọ́n fi páánù kọ́ látòkè délẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹ sí kí ó rọ, kí a tó gbé e lọ sè. Ilé ewé la ń pè é.

O ti kọ́ ọ ní ìwé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ewé ní àpò kéékèèké nínú, inú wọn ni òróró wà. Bí ilẹ̀ bá tutù, òróró a dúró sáyè rẹ̀. Bí ooru bá mú un, a bẹ̀rẹ̀ sí í di afẹ́fẹ́, a máa jáde. Ohun tó ń pani níbẹ̀ ni pé ìjáde rẹ̀ kì í bá ooru rìn ní ẹsẹ̀ dọ́gba. Bí ooru bá fi ìka kan gòkè, òórùn lè fi ìgbọ̀nwọ́ gòkè. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àfi kí o gbé ewé náà dé imú kí o tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, òórùn yẹn ti wá pàdé rẹ lójú ọ̀nà. Ìyá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kì í já ẹfinrin nígbà tí oòrùn bá ti gun. Ó ní oòrùn ti jí agbára rẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá mi kò sọ ni pé, bí ilé bá wà ní títì, agbára tó kúrò lára ewé kò rí ibi kankan lọ. Inú afẹ́fẹ́ ilé yẹn ló wà, ó ń dúró de iná.

Ìdí nìyẹn tí tẹ̀mómítà fi wà lára ògiri ilé ewé nínú. Ọ̀gá wa fi ọ̀dà kọ òfin sára ilẹ̀kùn: bí ooru bá ti dé ogójì, kí a ṣí gbogbo fèrèsé, kí iná kankan má sì sún mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kí n wo iye, kí n kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi okùn so kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá iná nínú ọgbà, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó ń dá iná jù láàárín wa ni Bàbá Ìdòwú. O mọ̀ ọ́n, bàbá ọ̀rẹ́ rẹ, ọkùnrin pẹ́ńpẹ́ tó máa ń bọ ẹsẹ̀ wọ bàtà láìso okùn rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó fi irin gbígbóná àti òjé lẹ ẹnu agolo òróró pa. Ìkòkò èédú rẹ̀ kì í jìnnà sí ilé ewé, torí ibẹ̀ ni òróró wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, aláwàdà, ṣùgbọ́n bó bá kan iná, kì í ṣàwàdà. Mi ò rí i kó dá iná lọ́jọ́ kan láìwo ìwé mi. Èmi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní, “Bàbá Ìdòwú, ṣé Bíbélì ni ẹ sọ ìwé yìí dà ni?” Òun a ní, “Bíbélì á gbé mi dé ọ̀run, ìwé yín ló máa gbé mi délé.”

Wàyí o, gbọ́ ohun tí bàbá rẹ ṣe.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò àjọ̀dún ńlá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ìlú yìí lọ tán, tí wọ́n pín ilé ìlú yìí fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé gbé mi lọ́kàn lọ. Ní Mushin tí a ti wá, ènìyàn mọ́kànlá là ń tò lẹ́nu balùwẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀. Níbí, mo ní yàrá mẹ́ta, omi ń yọ nínú ògiri, ilé ìyàgbẹ́ olómi jẹ́ tèmi nìkan. Nígbà mìíràn mo kàn máa ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ wò ni. Ní ọ̀sán tí ó yẹ kí n máa wọ ilé ewé, tí òórùn ibẹ̀ ń ta ojú, tí òógùn ń bo ènìyàn, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ mi wálé wá jẹ̀bà, màá bọ́ ẹ̀wù, màá nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì lábẹ́ fáànù bí ọba. Ìwé kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Nítorí náà, bí mo bá ti kọ ti àárọ̀, màá wo ti àná, màá kọ ti ọ̀sán mọ́ ọn. Mẹ́rìndínlógójì lónìí. Mẹ́tàdínlógójì lọ́la, kí ó má baà jọ irọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, orí ara mi ni mo ti hú ọgbọ́n náà jáde. Mo ṣe é fún oṣù méjì, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn fi hàn pé kò sí aburú níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí aburú náà wá dé, ọyẹ́ mú, eruku ń bo ewé, wọ́n wá ti gbogbo fèrèsé ilé ewé pa. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ ṣí lójijì, oòrùn yọ ganrínganrín. Ewé ọkọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ dípò ti ọkọ̀ kan. Ọpọ́n òróró mẹ́rin wà ní igun ilé láìbò. Ní aago mẹ́sàn-án mo wọlé, mo wo iye, mo kọ ọ́. Mo kọ mẹ́rìndínlógójì sí ọ̀sán tí kò tíì dé. Ní aago méjìlá mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Mẹ́gádì wa ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní Bàbá Ìdòwú wá síbi ìwé, ó fi ìka tọ ojú ìlà náà títí ó fi dé ti ọ̀sán, ó ní, “Tátí-síkísì. No wahala.” Ó wá gbé ìkòkò èédú rẹ̀ lọ síbi tó máa ń gbé e sí.

Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, mo ń padà bọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ìró náà. Kò pariwo tó bí o ṣe lè rò. Ó dàbí ìgbà tí ènìyàn bá gbọn aṣọ olómi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páánù orí ilé ewé gbéra, ó tún balẹ̀, iná wá tẹ̀lé e. Àwọn igi tó sún mọ́ ibẹ̀ gan-an gbiná láti orí wá. Mi ò fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe gbé Bàbá Ìdòwú jáde, ọmọ mi. Mo rí i. Jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Ó lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù. Ní ọjọ́ kejì mo lọ wò ó. Ìyàwó rẹ̀ jáde lọ bu omi, ó wá ku èmi àti òun. Kò lè la ojú. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Mo ní èmi ni, Bàbá Bísí. Ó ní, “Mo wo ìwé o. Bàbá Bísí, mo wo ìwé.” Bísí, àkókò tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé, ‘Ẹ̀bi yín kọ́, irọ́ ni mo kọ.’ Ohun tí mo sọ ni, “Mo mọ̀. Ẹ sinmi.” Ìyàwó rẹ̀ sì wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mẹ́ta wá ṣe ìwádìí láti olú ọ́fíìsì. Wọ́n tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì. Olórí wọn ní, “Ìwọ lo kọ èyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, “Ooru ọ̀sán ọjọ́ náà jẹ́ mẹ́rìndínlógójì?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó wo ojú mi díẹ̀, ó ní, “O wọlé lọ wò ó fúnra rẹ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n wá rò ó pé níwọ̀n bí ooru kò ti dé ogójì, ewé kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ọkùnrin náà gbé iná wọ inú ilé, tàbí ó mu sìgá níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìbìkítà òkú ló fà á. Mẹ́gádì fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní wọn ò bi í. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi tí mo ta èké ni wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ pé mo jẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọ ìwé tọ́jú.

Ìwọ ò mọ gbogbo èyí. Ohun tí o mọ̀ ni pé mo ní kí o má lọ kí Ìdòwú ní Abúlé Adó mọ́, mo ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Irọ́ nìyẹn náà. Mi ò fẹ́ kí o máa gbé òórùn ilé wọn wọlé bá mi ni. O sunkún, o ní mo le, o sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Jọ̀wọ́, dárí ìyẹn jì mí lọ́tọ̀, má ṣe kó o mọ́ èyí tó kù.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Jẹ́ kí n wá sọ ọgbọ́n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí ẹlòmíràn ni wọ́n fi rà á.

Ìkíní, má kọ ohun tí o kò rí. Bí o bá pẹ́, bí òjò bá dá ọ dúró, bí orí bá ń fọ́ ọ, bí oorun bá gbé ọ lọ, fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, kí o sì kọ ‘mi ò dé ibẹ̀’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á bá ọ wí. Ìbáwí kì í pa ènìyàn. Ká ní Bàbá Ìdòwú bá àyè òfìfo lọ́jọ́ náà ni, ì bá ṣépè fún mi, ì bá lọ wo tẹ̀mómítà fúnra rẹ̀, ì bá sì lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ohun tó jọ òtítọ́ ló pa á.

Èkejì, mọ bí wọ́n ṣe ń wo tẹ̀mómítà. Má di ìsàlẹ̀ gíláàsì mú, ooru ọwọ́ rẹ á wọ inú rẹ̀. Má mí sí i. Dúró kí omi inú rẹ̀ farabalẹ̀, ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún jẹ́jẹ́ tán, kí o tó wò ó, kí ojú rẹ sì wà ní ọ̀gangan rẹ̀. Ewé tó wà nínú oòrùn máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, nítorí náà má fi ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ṣe ti orí igi. O lè rò pé ẹ̀yin kò fún òróró, pé ẹ kò ní ilé ewé, pé nọ́ńbà lásán ni. O kò mọ ẹni tí yóò gbé ìwé rẹ dání lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí yóò fi kọ́ ilé, tí yóò fi ìka tọ ojú ìlà rẹ, tí yóò ní kò sí wàhálà.

Àǹtí rẹ yẹn, má bá a jà. Má fi í sùn fún ọ̀gá pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ obìnrin rere, torí èmi náà, wọn kò rí àìdáa kan lára mi. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sọ fún un pé bàbá rẹ ní kí o máa wọ inú oòrùn. Bó bá rẹ́rìn-ín, fún un ní lẹ́tà yìí kà. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ní ìtìjú tí mò ń tọ́jú mọ́.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ọkùnrin tí o dárúkọ lábẹ́ lẹ́tà rẹ, tí o ní ‘a kàn jọ ń kí ara wa’ ni, èmi kì í ṣe ọmọdé, mo mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí o má kí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé ó ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, wo bó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tó bá ṣàṣìṣe. Gbogbo ọkùnrin ló dára lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé. Ìyá rẹ fẹ́ mi nítorí pé mo mọ ìwé kọ, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára títí di òní.

Bí o bá sì ṣẹ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ọ́, Àjọkẹ́. Ọjọ́ kìíní ló rọrùn jù. Lọ́jọ́ kejì o ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí o sì jẹ́wọ́ pé o dákẹ́ lánàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdákẹ́ ti wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Èmi jí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àárọ̀ nínú ilé dáadáa yìí, pẹ̀lú omi nínú ògiri, mo sì ń sọ pé lọ́la.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gba Abúlé Adó lọ. Ìyá Ìdòwú wà níwájú ilé, ó ń ku gaàrí tó máa gbé lọ tà ní Mile 2. Obìnrin náà ti gbẹ. Ó kí mi dáadáa, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Bísí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jókòó.” Mo ní mi ò ní jókòó. Mo sọ ọ́ lórí ìdúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fáànù, ẹ̀bà, mẹ́rìndínlógójì, ọsibítù, àwọn mẹ́ta tó wá ṣe ìwádìí. Mo sọ fún un pé mo ti kọ ohun gbogbo sínú ìwé, mo ti fọwọ́ sí i, pé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé màá gbé e lọ sí olú ọ́fíìsì kí wọ́n lè yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi. Ọ̀la nìyẹn. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á gba ilé pẹ̀lú. Ìyá rẹ ti mọ̀, ó ti ń wo ibi tí a ó kó ẹrù lọ.

Mo rò pé yóò kígbe, mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi.

Ó ní, “Ó wo ìwé?”

Mo ní, “Ó wò ó.”

“Kó tó dá iná?”

“Kó tó dá iná. Mẹ́gádì rí i. Òun fúnra rẹ̀ náà sọ fún mi ní ọsibítù.”

Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá Bísí, láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìwé ọ́fíìsì yẹn sí mi létí, mi ò tíì gbàdúrà fún ọkọ mi rí. Bí mo bá jí, mo máa ń bú u ni. Mo máa ń ní, ìwọ ọkùnrin yìí, o mọ̀ pé o níyàwó, o mọ̀ pé o lọ́mọ, o lọ ń fi iná ṣeré. Ìdòwú ní ká lọ ro orí sàréè rẹ̀, mo ní kí koríko bò ó mọ́lẹ̀.” Kò pariwo. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó dìde, ó wọlé, ó mú àdá jáde, ó sì mú ọ̀nà ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn pọ̀n. Gaàrí wà níta bẹ́ẹ̀ láìbò.

Mo tẹ̀ lé e. Koríko ti ga dé orúnkún níbẹ̀. Mo ní kó gbé àdá fún mi, ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán wà lórí wa, Ìyá Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro orí sàréè náà, ó ń fi ọwọ́ fa èyí tí àdá kò gé, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Mo gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá Ìdòwú, ẹ má bínú. Wọn ò sọ fún mi pé ẹ wo ìwé.”

Èmi ni,
Bàbá rẹ.